Àwọn Tí Ìyá Wa Bọ́ Nínú Ikùn Àbúrò Mi

Nílé wa ní Ọ̀fà, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀. Ìjọba ti ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà. Ìyá wa náà ní sánítéṣàn tiwọn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ ewé àsunwọ̀n sínú omidùn, nínú ìkòkò dúdú kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi se nǹkan mìíràn. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, kálukú á gba ife tirẹ̀, á dijú, á gbé e mì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí òun ṣe jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó. "Ìjọba ń fọ gọ́tà," ni ìyá wa máa ń wí, "èmi ń fọ ikùn. Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run."

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nínú àgbàlá náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi tètè lọ́kọ, èsì mi nìyẹn.

Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣùgbọ́n kó yé ẹni tó ń ka èyí pé mi ò tíì rí obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún tó ìyá mi. Ẹ̀wà àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Àlejò kan kò lè wọ ilé wọn kó má jẹun. Ọkùnrin tó wá gé iná wa lọ́jọ́ kan jẹ iyán kó tó gun àkàbà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gé iná náà. Nígbà tí mo bínú, ìyá wa ní iṣẹ́ rẹ̀ ló wá ṣe, ebi kò sì sí lára ìyà tó tọ́ sí i. Àwọn ará àdúgbò náà a máa gbé ife wá gba omi ìfọnú lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Èmi ni àkọ́bí, mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà. Àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi ni mo kó gbogbo ìbínú ilé wa, òun ló kó sùúrù. Nígbà tó mú ọkùnrin wá hàn wá, káfíńtà ni, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè. Ó ní ohùn pẹ̀lẹ́. Kó tó jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àga wa tó ń mì, nígbà tó sì padà wá, ó mú ìṣó àti òòlù dání. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Mọ́ṣáláṣí wa kì í so yìgì láìrí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjèèjì lọ ṣe é. Ti àbúrò mi mọ́. Ti ọkùnrin náà fi hàn pé ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítíìsì, oríṣi kejì, tó máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbé èsì bẹ́ẹ̀ pamọ́. Òun gbé e wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó fi lé ìyá wa lọ́wọ́, ó ní, "Alhaja, ohun tí wọ́n rí lára mi nìyí. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Àbúrò bàbá wa, Alhaji, ló jẹ́ olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ní kété tó gbọ́, ó ní kí wọ́n túká. Dókítà ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àrùn yìí, mẹ́ta ni; bí ara àbúrò mi bá gbà á, ó lè gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kí àrùn náà má ràn án, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbà á. Alhaji ronú títí, ó sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ó gbà á, òun á jókòó níwájú ààfáà fọmọ fọ́kọ, bí kò bá gbà á, kí ẹnikẹ́ni má pe òun síbẹ̀. Báyìí ni ìgbéyàwó àbúrò mi ṣe di ohun tó rọ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa ra kọ́ọ̀pù rọ́bà aláwọ̀ ewé kan lọ́jà, wọ́n gbá ìṣó mọ́ ògiri kíṣíìnì, wọ́n fi í kọ́ síbẹ̀ lóun nìkan. Kọ́ọ̀pù káfíńtà nìyẹn. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti dé, á lọ mú un níbi ìṣó, á bu omi mu, á fọ̀ ọ́, á sì dá a padà síbi ìṣó. Kò bínú rí. Èmi ni mò ń bá a bínú.

Àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ara rẹ̀ kò dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo lọ sínú ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Òun tí ọ̀rọ̀ kàn lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ABD lọ́jọ́ náà, kò sì pẹ́ dé ibiṣẹ́.

Èmi, ìyá wa àti àbúrò mi la jọ padà lọ bá dókítà. Obìnrin ni, kékeré sí mi dáadáa. Ó bi àbúrò mi bóyá ó ń lo oògùn kankan. Àbúrò mi ní rárá. Ó bi í bóyá àìsàn kan ṣe é lásìkò àwọn abẹ́rẹ́ náà. Ó ní rárá. Ibẹ̀ ni ìyá wa ti dá sí i, tí wọ́n sì fi ìgbéraga dá sí i.

"Dókítà, inú ọmọ yìí mọ́ tónítóní. Kò sí abẹ́rẹ́ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mi ò kọ́kọ́ fọ inú rẹ̀ sílẹ̀ dè. Mi ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ bá ìdọ̀tí níbẹ̀."

Dókítà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fọ̀ ọ́ báwo, Alhaja?"

Ìyá wa ṣàlàyé láìfi nǹkan kan pamọ́, láti orí ewé dé orí omidùn. Àbúrò mi wá rántí pé lẹ́yìn ìfọnú kọ̀ọ̀kan, inú òun kì í dúró, nítorí náà òun máa ń ra kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn ní kẹ́mísìtì láti fi dá a dúró. Ó ní òun kò kà á sí oògùn. Ta ló sì ń kà á sí oògùn ní Ọ̀fà? Bí ikùn bá ti dún, kápúsù. Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ̀wà tó kan, kápúsù.

Mo mọ àwọn dókítà tí ì bá pariwo mọ́ ìyá mi níbẹ̀. Mo ti to èsì tí n ó fọ̀ sẹ́nu. Kò wúlò. Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní, "Alhaja, ọmọ Ọ̀fà ni yín?"

"Ọmọ Ọ̀fà pọ́nńbélé."

"Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ta ló ń kọ́ ọmọ Ọ̀fà ní ìjàkadì?"

Ìyá wa wò ó bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. "Ta ni yóò tún kọ́ ọ? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀."

"Bó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ń kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ládùúgbò lóṣooṣù ńkọ́?"

Ó wá ṣàlàyé fún wọn. Ó ní àwọn kòkòrò kan ń gbé inú ìfun wa tí ojú kò lè rí, wọ́n pọ̀ kọjá kíkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ọmọ ogun ara wa ti ń dàgbà, lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń kọ́ láti mọ ẹni tó jẹ́ onílé yàtọ̀ sí ẹni tó wá jalè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kàn ń fi ojú olè hàn wọ́n ni, kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Bí a bá fi omi ìfọnú gbá àwọn kòkòrò wọ̀nyí jáde, tí a tún fi kápúsù pa àwọn tó ṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ogun wo ojú olè náà kó má kà á sí.

"Mi ò ní parọ́ fún yín," ni ó wí. "Mi ò lè búra pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò fọ inú rí, tí ara wọn kò gba abẹ́rẹ́ yìí ní ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbà á nígbà tí a tún un ṣe. A ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀."

Mo mọ ìyá mi. Mo mọ bí àgbàlagbà ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ohun tó fi ìfẹ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó pa á lára. Mo ń retí kí wọ́n ní oògùn àwọn baba ńlá wa ni, kí wọ́n dìde. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi dókítà.

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Mo ti jókòó nínú ìpàdé púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì. Mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Inú dókítà dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí àwa jẹ tí inú wa kò lè lọ̀, Alhaja, òun ni oúnjẹ tiwọn. Àlùbọ́sà. Ayù. Ẹ̀wà. Ẹ̀fọ́ dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n jù. Ànàmọ́, ìyẹn ọ̀dùnkún, tí a sè, tí a jẹ́ kó tutù."

"Ànàmọ́ Ọ̀fà?"

"Ànàmọ́ Ọ̀fà gan-an."

Kí a tó dìde, dókítà tún sọ ọ́ kedere pé àrùn mẹ́dọ̀wú yìí kì í gba inú àwo tàbí kọ́ọ̀pù ràn; inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, àti nínú ohun tó wà láàárín tọkọtaya. Ìyá wa mi orí. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé, wọ́n ń wo ìta títí. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ wí. "Àlejò ni wọ́n. Gbogbo ọjọ́ yìí ni mo ti ń lé àlejò jáde tí mi ò mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò mi ti wọ gàù. Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, ànàmọ́ tútù lójú alẹ́. Ọbẹ̀ kún fún àlùbọ́sà títí ojú fi ń ta aládùúgbò. Ìyá wa ń sè é, wọ́n ń bù ú, wọ́n á jókòó tì í. Bí àbúrò mi bá ní òun ti yó, wọ́n á wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo yó. Àwọn ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà ń ro mí. Àwọn aláboyún pàápàá kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nílé wa. Wọn kò fi mọ síbẹ̀: bí wọ́n bá gbọ́ pé inú rẹ̀ ń kùn, wọ́n á dẹ etí sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ènìyàn wọn ń jẹun.

Sátidé sánítéṣàn àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará àdúgbò gbé ife wọn dé. Ìkòkò dúdú wà ní ìdojúbolẹ̀ lórí àtẹ. Ìyá wa kò fi dókítà bojú, wọn kò sì purọ́ pé ewé tán lọ́jà. Wọ́n ní, "Mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ó ku ibì kan tí mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ná." Ẹni ọdún wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo àgbàlá tí wọ́n ti ń fún ní omi ìfọnú láti ìgbà tí èmi ti wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá fi ọwọ́ wọn ṣe, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n bá wa kó gọ́tà.

Ohun kan ló ṣì ń bí mi nínú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, káfíńtà wá kí wa, ó mu omi rẹ̀, ó fọ kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé, ó fi í kọ́. Bó ti jáde, mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Ẹ̀ ń bọ́ kòkòrò tí ẹ ò rí rí. Ọmọ ènìyàn tí ẹ rí, ẹ ya kọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ́tọ̀." Àbúrò mi ní kí n dákẹ́. Ìyá wa ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹyọ ẹ̀wà kan náà ni wọ́n ń yí lọ yí bọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ wọn ni ẹ̀rù ń bà wọ́n fún. Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ kejì nínú mẹ́ta tuntun náà, ohun tí a ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi jẹ nǹkan kan níbi ayẹyẹ ọmọ iléèwé, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Mo bá a lórí ìdùbúlẹ̀, kápúsù aláwọ̀ méjì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà kan, ìyá wa ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò dúdú. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n gba kápúsù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n pe dókítà. Dókítà béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ara rẹ̀ gbóná. A ní rárá. Ó ní kí a máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, pé bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ kí a gbé e wá kíá, àti pé kì í ṣe gbogbo inú rírun ló ń fẹ́ kápúsù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyá wa jókòó tì í, wọ́n ń fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn kejì wà lórí ikùn rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo rò pé àdúà ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo gbọ́ pé wọ́n ń ní, "Ẹ dúró o. Ẹ má lọ. Ẹ bá mi dúró ti ọmọ mi."

Inú rẹ̀ dúró. Ó gba abẹ́rẹ́ kejì, ó gba ẹ̀kẹta. Láàárín rẹ̀, Alhaji wá sọ fún un pé òun rí ọkùnrin kan ní Ìlọrin, ara rẹ̀ le, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Àbúrò mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná." Kò gbé ohùn sókè. Èmi tí mo máa ń gbé ohùn sókè, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, àwa mẹ́ta náà la tún jọ lọ. Dókítà kò jẹ́ kí a jókòó tán kó tó sọ ọ́. "Ó gbà á. Ara rẹ̀ dáhùn, ó sì dáhùn kíkan." Àbúrò mi fi ìborùn bojú. Omijé tó ti fi pamọ́ láti ìgbà èsì àkọ́kọ́ ló sun tán níbẹ̀.

Ìyá wa fi ara balẹ̀ bi dókítà. "Ṣé àwọn ni?"

"Alhaja, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ àwọn. Ó lè jẹ́ pé a tún abẹ́rẹ́ náà gún ni. Ó lè jẹ́ méjèèjì."

"Ó dáa," ni ìyá wa wí. "Bó bá jẹ́ àwọn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe àwọn, oúnjẹ kò tíì pa àlejò rí."

A tẹ Alhaji láago láti ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú ọjọ́."

Àbúrò mi ní òun fúnra òun lòun máa sọ ọ́ fún ọkọ òun, kí ẹnikẹ́ni má fóònù sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, káfíńtà dé láti ṣọ́ọ̀bù, ìyẹ̀fun pákó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí wa, ó sì gba kíṣíìnì lọ síbi ìṣó bó ti máa ń ṣe. Kò sí kọ́ọ̀pù níbẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Ọwọ́ ìyá wa ni kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé wà. Wọ́n ti bu omi inú àmù sí i. Wọ́n gbé e sẹ́nu níwájú rẹ̀, wọn kò kánjú, wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n sì na ìyókù sí i.

"Gbà, ọkọ ọmọ mi. Òùngbẹ á ti gbẹ ọ́."

Ó wo omi náà, ó wo ojú ìyá wa, ó wá wo àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá kọ́ọ̀pù náà mú, ó mu ún tán. Ó dìde láti lọ fọ̀ ọ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sínú báàfù, mọ́ àwọn kọ́ọ̀pù yòókù.